Bí a ti í fi ìyẹ́ mọ pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ àti ọmọ àdàlù wọn

Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn wa ti ń fi àwọ̀ ìyẹ́ dá ẹyẹ mọ̀. Bí a bá dárúkọ agbe, aró ni ó ń wá sí ọkàn wa. Bí a bá dárúkọ àlùkò, osùn ni. Bí a bá sì dárúkọ lékèélékèé, ẹfun ni. Ọmọdé tí kò tí ì mọ ìwé kà lè dá àwọn mẹ́ta yìí mọ̀ láti òkèèrè. Nítorí náà, ó lè dàbí ẹni pé kò sí iṣẹ́ kankan nínú kí a wo ẹyẹ, kí a wo àwọ̀ rẹ̀, kí a sì pe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ kan wà tí ń sọ ọlọ́gbọ́n di òpè nínú ọ̀ràn yìí: àwọn náà ni pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, akọ kì í jọ abo; akọ kan náà kì í sì í wọ aṣọ kan náà yí ọdún po. Èyí tí ó tún ṣòro jù ni pé irú kan a máa bá irú mìíràn dàpọ̀, wọn a sì bí ọmọ tí kò jọ bàbá tán, tí kò sì jọ ìyá tán.

Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, àwa ń fẹ́ ṣe àlàyé bí a ti í fi ìyẹ́ mọ pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́, àti bí a ti í mọ èyí tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọmọ àdàlù. Ọmọ àdàlù ni àwa ń pe ẹyẹ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ irú kan tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ irú mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ìbaaka ti jẹ́ ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹṣin. Òwe àwọn àgbà kan ni a ó sì fi ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà náà: Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìyẹ́ kan ṣoṣo jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá rí ìyẹ́ kan tí ó ṣàjèjì, tí ó sì ké lẹ́sẹ̀ kan náà pé, "Ọmọ àdàlù ni èyí," ti dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ tẹnu àwọn ẹlẹ́rìí yòókù. Kí a tó parí ọ̀rọ̀ yìí, a ó rí i pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí ẹyẹ tí kò ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé ara wa. Pẹ́pẹ́yẹ tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí ó ní ẹran pupa ṣákiṣàki ní ojú, tí akọ rẹ̀ a sì máa mí fìì bí ejò nígbà tí a bá súnmọ́ ọn, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Inú igbó ilẹ̀ Mẹ́síkò àti ti Amẹ́ríkà apá gúúsù ni irú rẹ̀ ti ń gbé. Muscovy ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ ilé yòókù ní gbogbo ayé, títí kan èyí funfun ńlá tí a ń pè ní Pekin, ọ̀dọ̀ ẹyẹ ìgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, orúkọ ẹyẹ náà sì ni Mallard. Ìbátan tí ó wà láàárín Muscovy àti Mallard jìnnà púpọ̀. Ẹyin Muscovy a máa gbà tó ọjọ́ 35 kí ó tó pa, ṣùgbọ́n ti Mallard kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 28 lọ. Bí akọ Muscovy bá gun abo Pekin, wọn a bímọ. Ọmọ náà a tóbi, a sì lẹ́ran lára, ṣùgbọ́n àgàn ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń pè é ní pẹ́pẹ́yẹ ìbaaka.

Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé bí ìbátan bá ti jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ àdàlù ti í yàgàn tó. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ tí ìbátan wọn súnmọ́ra, ọmọ àdàlù kì í sábà yàgàn. Òun náà a tún bímọ, ọmọ rẹ̀ a sì tún bímọ, títí ẹ̀jẹ̀ irú méjì yóò fi dàrú mọ́ra wọn. Nínú gbogbo ẹyẹ tí Ọlọ́run dá, ìdílé pẹ́pẹ́yẹ wà lára àwọn tí ń dàpọ̀ báyìí jù lọ. Mallard nìkan, a ti rí i pé ó bá irú tí ó lé ní 40 bímọ, bí a bá ka ti inú ìgbẹ́ àti ti inú ọgbà pọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọmọ àdàlù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ àwọn òbí, Mallard ni ó sì yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà tí akọ rẹ̀ bá wọ aṣọ ọ̀ṣọ́, orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tí ń dán yinrinyinrin. Òrùka funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí i lọ́rùn. Àyà rẹ̀ pọ́n bí obì tí ó gbó. Ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú. Àgógó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Ìdí rẹ̀ dúdú, ìyẹ́ dúdú díẹ̀ ní òkè ìrù rẹ̀ sì ká róbótó sókè. Ẹ kíyè sí ìyẹ́ kíká yìí gidigidi, nítorí pé a ó tún pè é wá jẹ́rìí. Abo rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan nínú ìwọ̀nyí. Àwọ̀ ilẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀, pẹ̀lú ìlà dúdú wẹ́wẹ́, bí ewé gbígbẹ tí ó tẹ́ sílẹ̀. Ọgbọ́n Ẹlẹ́dàá ni èyí, kí ọ̀tá má bàa rí i nígbà tí ó bá ń sàba lórí ẹyin.

Ohun kan wà tí akọ àti abo jọ ní, òun náà ni àmì aláwọ̀ dídán tí ó wà ní ẹ̀yìn apá, èyí tí a máa ń rí dáradára bí ẹyẹ bá na apá rẹ̀. Àwa ó máa pè é ní dígí apá. Dígí Mallard jẹ́ àwọ̀ aró tí ó fẹ́ jọ elésèé àlùkò, ìlà funfun kan wà níwájú rẹ̀, òmíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Dígí apá ni ẹlẹ́rìí tí ó ṣeé gbára lé jù lọ lára pẹ́pẹ́yẹ, nítorí pé akọ ní i, abo ní i, kì í sì í yí padà bí ìyẹ́ ara yòókù ti í yí padà. Ti Gadwall funfun. Ti Teal, tí ó kéré jù nínú àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, jẹ́ àwọ̀ ewé pẹ̀lú dúdú. Bí àwọ̀ ara bá rú wa lójú, ẹ jẹ́ kí a dúró títí ẹyẹ náà yóò fi na apá.

Nísinsìnyí, kí a tó sọ̀rọ̀ ọmọ àdàlù, ó yẹ kí a mọ àwọn ohun mẹ́rin tí ń mú kí ojúlówó ẹyẹ dàbí ọmọ àdàlù. Àwọn ohun wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣi púpọ̀ lọ́nà.

Èkínní ni pípa ìyẹ́ dà. Lẹ́yìn ìgbà tí abo bá ti yé ẹyin tán, ní ìgbà ooru ilẹ̀ Yúróòpù, akọ a bọ́ aṣọ ọ̀ṣọ́ rẹ̀ sílẹ̀, a sì wọ aṣọ àwọ̀ ilẹ̀ bí ti abo. Ní àkókò náà, gbogbo ìyẹ́ gígùn tí ó fi ń fò a bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò sì ní lè fò rárá. Aṣọ àwọ̀ ilẹ̀ yìí ni ó ń fi pamọ́ fún àwọn ọ̀tá. Bí ó bá wà láàárín aṣọ méjèèjì, tí ìdajì orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tí ìdajì sì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ yóò búra pé ọmọ àdàlù ni. Ṣùgbọ́n àgógó rẹ̀ kì í parọ́: àwọ̀ ìyeyè ti akọ ṣì wà níbẹ̀, nígbà tí ti abo jẹ́ àwọ̀ ọsàn tí ó ní àbàwọ́n dúdú.

Èkejì ni ọjọ́ orí. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde kì í jọ akọ àgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ akọ. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, abo tí ó darúgbó, tí ibi ẹyin rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, lè bẹ̀rẹ̀ sí hu ìyẹ́ akọ. Èyí kò yẹ kí ó ṣe wá ní kàyéfì, nítorí pé a ti gbọ́ nípa àgbébọ̀ adìẹ tí ó ń kọ bí àkùkọ. Nínú ara àwọn ẹyẹ wọ̀nyí, oje tí ń ti ibi ẹyin wá ni ó ń dá aṣọ abo sí ara. Bí oje náà bá gbẹ, aṣọ akọ a yọ jáde.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ilé. Pẹ́pẹ́yẹ ilé tí ó ṣẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Mallard a máa sá lọ sí odò, a sì máa bá àwọn ará ìgbẹ́ dàpọ̀. A ó wá rí ẹyẹ tí àyà rẹ̀ funfun, tàbí tí ara rẹ̀ tóbi tí ìdí rẹ̀ sì wúwo, tàbí tí ó ní àwọ̀ dúdú pẹ̀lú ọ̀já funfun ní ọrùn. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ irú méjì, nítorí pé Mallard ni bàbá rẹ̀, Mallard náà sì ni ìyá rẹ̀, bí ènìyàn tilẹ̀ ti yí ọ̀kan padà nínú ọgbà. Níbí ni ìyẹ́ kíká òkè ìrù ti ń jẹ́rìí: ohun yòówù kí àwọ̀ ara rẹ̀ jẹ́, akọ pẹ́pẹ́yẹ ilé tí ó jẹ́ ọmọ Mallard a máa ní ìyẹ́ kíká náà.

Ẹ̀kẹrin ni àbàwọ́n àti àìpé àwọ̀. Omi tí ó ní ìpẹtà irin nínú a máa pa ìyẹ́ funfun láró di pupa rúsúrúsú. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń rí ẹyẹ tí a bí pẹ̀lú àbùkù àwọ̀, tí ìyẹ́ funfun sì yọ ní ibi tí kò yẹ. Àbàwọ́n kì í ṣe ìran.

Bí a bá ti béèrè nípa ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí, tí kò sì sí èyí tí ó lè ṣe àlàyé ohun tí a rí, nígbà náà ni a lè bẹ̀rẹ̀ sí ronú nípa ọmọ àdàlù. Ọ̀nà mẹ́ta ni àmì rẹ̀ máa ń gbà hàn. Ọ̀nà kìíní ni pé kí ohun kan wà ní àárín méjì: bí àgógó bàbá bá gùn tí ti ìyá sì kúrú, ti ọmọ a wà láàárín. Ọ̀nà kejì ni pé kí ó mú nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, kí ó sì mú òmíràn láti ọ̀dọ̀ ìyá ní odindi, bí aṣọ tí a fi oríṣi méjì rán. Akọ tí Mallard àti Pintail bí, fún àpẹẹrẹ, a máa ní orí tí àwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀ bí ti Mallard, pẹ̀lú ìrù tí ó gùn díẹ̀ bí ti Pintail. Ọ̀nà kẹta ni ó yani lẹ́nu jù: ọmọ náà lè ní àmì tí kò sí lára bàbá tí kò sì sí lára ìyá. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ àdàlù pẹ́pẹ́yẹ, ojú wọn a máa ní àbọ̀ àwọ̀ funfun tàbí ìyeyè méjì tí ìlà dúdú là láàárín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí wọn kò sì ní irú rẹ̀.

Àmì kẹta yìí ti ṣi àwọn ọ̀mọ̀ràn lọ́nà rí. John James Audubon, ọkùnrin tí ó ya àwòrán àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ sì kàn ká gbogbo ayé, rí pẹ́pẹ́yẹ kan gbà ní ilẹ̀ Louisiana ní ọdún 1822. Orí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní àmì tí kò sí lára pẹ́pẹ́yẹ kankan tí Audubon mọ̀. Ó yà á, ó sì fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Thomas Brewer, sọ ọ́, bí ẹni pé irú titun ni. Lónìí a mọ̀ dájú pé kò sí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ láyé: ọmọ Mallard àti Gadwall ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi Audubon ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí ó kọ ìwé nípa ẹyẹ náà, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó lè jẹ́ ọmọ àdàlù, ó sì dárúkọ Mallard, ó dárúkọ Gadwall pẹ̀lú. Ó pe orúkọ, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn. Nítorí pé kò ti ilẹ̀kùn, àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ̀rí mìíràn tún ń bẹ ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, níbi tí pẹ́pẹ́yẹ kan ń gbé tí a ń pè ní Black Duck. Akọ rẹ̀ àti abo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: ara wọn dúdú bí ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí, orí wọn sì mọ́lẹ̀ jù ara lọ. Dígí apá wọn jẹ́ elésèé àlùkò, ṣùgbọ́n kò ní ìlà funfun níwájú bí ti Mallard. Láyé àtijọ́, igbó dídí ni ó jẹ́ ilé Black Duck, ilẹ̀ gbangba ni ó sì jẹ́ ti Mallard. Nígbà tí àwọn ènìyàn gé igbó náà, tí wọ́n sì ń sin Mallard nínú ọgbà láti tú wọn sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ, àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí bímọ fún ara wọn. Ọmọ àdàlù wọn a máa ní àwọ̀ ewé díẹ̀ ní orí, ìyẹ́ òkè ìrù rẹ̀ a fẹ́ ká sókè, ìlà funfun a sì yọ lára dígí apá rẹ̀. Bí a bá rí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí pọ̀ lára ẹyẹ kan, ẹlẹ́rìí pé mẹ́ta nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyẹ́ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ọmọ àdàlù bá bá ojúlówó Black Duck bímọ, tí ọmọ náà sì tún ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ìran díẹ̀ kò ní sí ojú tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀jẹ̀ wádìí ohun tí ọmọ ń jogún láti ọ̀dọ̀ òbí. Wọ́n rí i pé nínú àwọn ẹyẹ tí a fi ìyẹ́ pè ní ọmọ àdàlù, ojúlówó wà níbẹ̀. Nínú àwọn tí a sì pè ní ojúlówó, ọmọ àdàlù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe pé kí a pa ìyẹ́ tì, nítorí pé òun nìkan ni ojú rí létí odò. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí a mọ̀ pé ohun tí ìyẹ́ ń sọ fún wa ni "ó jọ bẹ́ẹ̀," kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Bóyá ẹnìkan nínú yín yóò béèrè pé, "Kí ni àǹfààní gbogbo wàhálà yìí? Bí a bá ṣi ẹyẹ pè, ta ni ó pa lára?" Ìbéèrè rere ni. Ìtàn pẹ́pẹ́yẹ olórí funfun ilẹ̀ Sípéènì ni yóò dá a lóhùn.

Pẹ́pẹ́yẹ yìí kéré ní ara, ìrù rẹ̀ le, ó sì máa ń nà án sókè bí ẹni ń gbé àsíá. Orí akọ rẹ̀ funfun báláú, fìlà dúdú kékeré kan sì wà ní àtàrí rẹ̀. Àgógó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, ìdí àgógó náà sì wú bí ẹni tí oyin ta. Nítorí ìbọn àwọn ọdẹ àti nítorí àbàtà tí a fà gbẹ, iye wọn ní ilẹ̀ Sípéènì dín kù títí ó fi ku 22 péré ní ọdún 1977. Àwọn ènìyàn rere dìde, wọ́n dá ìbọn dúró, wọ́n sì dáàbò bo àwọn adágún. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2000, iye wọn ti lé ní 4,000.

Ṣùgbọ́n ewu mìíràn ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún 1948 ni a kó ìbátan ẹyẹ yìí kan, tí a ń pè ní Ruddy Duck, láti Amẹ́ríkà wá sí ọgbà kan ní Slimbridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ fò jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ sí i nínú ìgbẹ́, títí iye wọn fi tó nǹkan bí 6,000 ní nǹkan bí ọdún 2000. Àwọn kan nínú wọn fò dé Sípéènì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí bá abo olórí funfun dàpọ̀. Ní ọdún 1991 ni a kọ́kọ́ rí ọmọ àdàlù níbẹ̀. Ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ìbaaka. Wọ́n ń bímọ. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àlejò ì bá ti gbé ti onílé mì, kì bá sì sí ìbọn kankan tí yóò dún. Nítorí náà, àwọn ìjọba pinnu láti mú Ruddy Duck kúrò ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní Sípéènì wọ́n ń yìnbọn pa á, àti àwọn ọmọ àdàlù pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu ní ọdún 2005.

Ẹ wò ó nísinsìnyí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa. Olùṣọ́ kan dúró létí adágún pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Níwájú rẹ̀ ni ẹyẹ kan wà tí orí rẹ̀ dúdú ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ ọmọ àdàlù, a gbọ́dọ̀ mú un kúrò. Ṣùgbọ́n akọ olórí funfun tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí kò tí ì pé ọdún méjì, lè ní orí tí ó dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ ni ojúlówó ọmọ ilẹ̀ ni. Bí olùṣọ́ náà bá gbọ́ ẹ̀rí orí nìkan, ó ti pa ọmọ ẹni tí ó ní òun ń gbà là. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ wo ìdí àgógó, bí ó bá wú tàbí bí ó bá tẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wo ìyẹ́ abẹ́ ìrù, nítorí pé ti Ruddy Duck funfun. Ó gbọ́dọ̀ wo àwọ̀ ara, bóyá ó pọ́n bí osùn bí ti akọ Ruddy Duck. Bí àwọn ẹlẹ́rìí kò bá fohùn ṣọ̀kan, kí ó sọ ìbọn kalẹ̀. Òfin Mósè pàápàá kò gbà kí a pa ènìyàn nípa ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọ̀ràn òkè òkun nìkan ni èyí. Ní ìgbà ọyẹ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà máa ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí àwọn àbàtà wa ní òkè ọya, gẹ́gẹ́ bí ti Hadejia àti Nguru ní ìpínlẹ̀ Jigawa àti Yobe, àti sí etí adágún Chad. Garganey ni ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ní aṣọ ọ̀ṣọ́, akọ rẹ̀ ní orí àwọ̀ obì, pẹ̀lú ìlà funfun gbọọrọ kan tí ó ti òkè ojú sọ̀kalẹ̀ dé ẹ̀yìn ọrùn. Ṣùgbọ́n Garganey kì í yára wọ aṣọ yìí. Nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, aṣọ àwọ̀ ilẹ̀ ni ó ṣì wà ní ara akọ, ó sì lè di oṣù kìíní tàbí oṣù kejì ọdún kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí agbo wọn ní oṣù kọkànlá lè kọ̀wé pé, "Abo ni gbogbo wọn," tàbí kí ó rí akọ tí ó ń pààrọ̀ aṣọ lọ́wọ́ kí ó sì sọ pé, "Àdàlù ni." Ẹlẹ́rìí wà ní apá: iwájú apá akọ jẹ́ àwọ̀ eérú tí ó fẹ́ jọ aró, ó sì wà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ti abo ṣókùnkùn. Láàárín agbo kan náà ni a ó rí pẹ́pẹ́yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí ojú rẹ̀ funfun tí ẹ̀yìn orí rẹ̀ sì dúdú, tí ń súfèé bí ó ti ń fò. Ti èyí kò ṣòro, nítorí pé akọ àti abo rẹ̀ jọra, kì í sì í pààrọ̀ aṣọ bí àwọn àlejò.

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lè fi ọ̀ràn yìí ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa, kódà pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ ẹ̀yìnkùlé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì. Kí ó kọ́kọ́ kọ oṣù àti ibi tí ó wà, nítorí pé oṣù ni ó ń sọ irú aṣọ tí ẹyẹ yẹ kí ó wọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ bí ẹyẹ ti tóbi tó ní ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó mọ̀. Kí ó kọ àwọ̀ àgógó àti bí ó ti rí. Kí ó kọ orí, àyà, ẹ̀gbẹ́, ìrù àti abẹ́ ìrù. Kí ó sì dúró de dígí apá. Orúkọ ni kí ó kọ kẹ́yìn. Ọmọ tí ó bá kọ orúkọ ṣáájú kò tún ní rí nǹkan mìíràn bí kò ṣe ohun tí orúkọ náà bá fẹ́ kí ó rí.

Bí ó bá sì ti wò títí, tí ẹ̀rí kò pé, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba pé, "N kò mọ̀ ọ́n." Kí olùkọ́ má ṣe nà án nítorí rẹ̀, kí ó má sì ṣe fi máàkì dù ú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a tọ́ dàgbà láti máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí, tí a sì ń fi ìdáhùn tí kò dá wa lójú bo ìtìjú wa mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní etí adágún Sípéènì, ẹni tí ó lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n ni ẹyẹ tí ń bọ̀ lọ́wọ́ ìparun lè fi ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí nínú kíláàsì, nígbà tí ohun tí ó wà níwájú wa kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ mọ́, bí kò ṣe ọmọ ènìyàn tí ìwà rẹ̀ kan ṣàjèjì sí wa, tí a sì fẹ́ fi àmì kan ṣoṣo sọ ọ́ lórúkọ títí ayé. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu gbogbo ẹlẹ́rìí kí a tó dájọ́.